Búrẹ́dì Ìyá Paraska

"Ṣé oyún ti bàjẹ́ lára yín rí, màmá?"

Dókítà Bhullar béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ọjọ́ ìbí, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí Sonia Hawryluk ti jókòó ló ti ń dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, inú òun máa ń wú, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń rẹ òun láìṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó. Èyí yàtọ̀. Ó wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì líle. Ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣíṣubú tí ọmọdé yóò fi rẹ́rìn-ín, egungun sì kán síbi méjì.

"Mẹ́rin," ó ní.

Dókítà gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. "Ọmọ mélòó ló wá dúró?"

"Kò sí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá."

"Ó ti pẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi béèrè?"

Dókítà yí àga rẹ̀ kọjú sí i. "Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ló mú mi béèrè. Ó jọ pé ara yín kò gba àlìkámà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀, òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun máa fà tí ẹ bá ń pò ó. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, ara yín á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun ara rẹ̀ jà. Ìfun tó bá sì ti ṣá kò lè gba agbára inú oúnjẹ mọ́. Òun ni ẹ̀jẹ̀ ò fi tó. Òun ni egungun fi fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Àti oyún ńkọ́?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fà á. Àmọ́ lóde òní, bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá wá síbí pé oyún ń bàjẹ́ lára òun léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì tó, ọ̀kan nínú ohun tí a ó yẹ̀ wò nìyí."

Sonia mi orí. Ó wá kíyè sí i pé òun ti ń mi orí tipẹ́, kò sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. "Ó dáa. Mo fi búrẹ́dì sílẹ̀ láti òní lọ."

"Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o! Ó ku àyẹ̀wò kan ní ilé ìwòsàn ńlá Yorkton. Wọn á ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun yín wọlé lọ wo ìfun náà. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Bí ẹ bá ti dáwọ́ búrẹ́dì dúró kó tó dìgbà náà, ìfun á ti máa san, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ègé méjì, ó kéré tán."

"Kí n máa jẹ ohun tó ń pa mí, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń pa mí."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, màmá. Ẹ má bínú."

Àlìkámà ni Taras ọkọ Sonia ń gbìn. Òun ni bàbá Taras gbìn, òun sì ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀ rán mọ́ etí ẹ̀wù nígbà tó ń kúrò ní Ukraine bọ̀ ní Saskatchewan ní Kánádà. Ó hù yí ilé wọn ká títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Sonia fi ń wá a káàkiri.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Paraska, di ẹrù, ó sì kó wá sílé wọn. Kò bú u. Kò sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú bí àwọn ìyá ọkọ mìíràn ti ń ṣe ní abúlé náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti po ìyẹ̀fun. Bí Sonia bá la ojú, búrẹ́dì gbígbóná ni á bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. "Jẹun, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Oyún kejì bàjẹ́, ó tún wá. Ìkẹta bàjẹ́, ó tún wá. Bí Sonia bá ní inú ń run òun, á ní ebi ni, á tún gé búrẹ́dì mìíràn kún un. Sonia fẹ́ràn obìnrin náà ju ìyá tó bí i lọmọ lọ.

Ìgbà tí ìkẹrin bàjẹ́ ní oṣù márùn-ún ni Taras dúró lójú fèrèsé, tó kẹ́yìn sí i, tó ní, "Ó lè jẹ́ ilẹ̀ náà ni kò gba irúgbìn." Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọmọ nínú ilé wọn.

Sonia sọ ọ̀rọ̀ àlìkámà fún Taras ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. Ó fi ti oyún pamọ́.

Taras rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ìyàwó alálìkámà, àlìkámà di èèwọ̀ rẹ̀! Bí Walter aládùúgbò wa bá gbọ́, á fi mí ṣẹ̀sín dé ọdún Àjíǹde."

"Sọ fún un. Kó rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí."

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Sonia ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni ń lo oògùn. Ègé méjì láàárọ̀, á jẹ ẹ́ lásán, á mu omi lé e. Bí inú rírun bá ti mú un, á jókòó sórí àga ilé ìdáná, á di ikùn rẹ̀ mú, á sì máa ronú. Ìrora yìí, òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìrora náà ló wà níbẹ̀ nígbà àwọn oyún yẹn. Òun ló ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni. Taras kò bá a ṣeré mọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Á kàn gbé tíì síwájú rẹ̀, á sì jáde lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Dókítà pè lórí fóònù ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti Yorkton dé. Ó ti dájú. Ó ní ibi tó yẹ kó rí bí kápẹ́ẹ̀tì onírun nínú ìfun, ó ti pá pátápátá. Sonia dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ti fi pamọ́.

Taras ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. Ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà.

"Àlìkámà mi," ó ní.

"Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Sonia, mo sọ nǹkan kan fún ọ lọ́dún yẹn."

"Mo rántí."

"Mo rò pé o ti gbàgbé."

"Ta ní í gbàgbé irú ẹ̀?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó sì sunkún láìbojú. Sonia kò lọ bá a lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kó sun tirẹ̀, nítorí òun ti dá sun tòun fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá a bọ́ bàtà kejì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lọ kí Ìyá Paraska. Ìyá ti pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká, ọpọlọ rẹ̀ sì pé ju ti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ fún un ni. Ó mú búrẹ́dì inú àwo rẹ̀, ó nà án sí Sonia.

"Gbà. O ti rù bí igi ọgbà."

"Màmá, dókítà ní kí n má jẹ búrẹ́dì mọ́."

"Dókítà wo nìyẹn? Búrẹ́dì pa ta rí?"

"Ara mi ni kò gbà á. Àìsàn ni, wọ́n ti yẹ̀ mí wò."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ lára mi, Màmá."

Ọwọ́ Ìyá Paraska dúró lófuurufú pẹ̀lú búrẹ́dì náà. Ojú rẹ̀ kúrò lára Sonia, ó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì pẹ́ kó tó padà. "Nígbà yẹn ńkọ́? Nígbà tí mo ń...?"

Taras la ẹnu. Sonia tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Rárá, Màmá. Kò kan ìgbà yẹn."

"Ṣé o bi wọ́n?"

"Mo bi wọ́n dáadáa. Wọ́n ní kò kàn án rárá. Oúnjẹ yín ló gbé mi dìde nígbà yẹn."

Ìyá wò ó. Ó wò ó títí, bí ẹni ń wo ọ̀nà tí eruku bò. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì dá búrẹ́dì padà sínú àwo. "Kí ni màá wá máa fún ọ jẹ báyìí?"

"Ọ̀dùnkún, Màmá. Ọ̀dùnkún ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ọ̀dùnkún," Ìyá tún un sọ. Ó pe obìnrin tó ń pín oúnjẹ, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi wá ọ̀dùnkún fún ìyàwó ọmọ mi. Kó gbóná o."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Taras rọra wa mọ́tò títí wọ́n fi jáde kúrò nílùú. Yìnyín ti bo gbogbo oko, funfun báláú ni, kò sí ohun tó hù níbẹ̀.

"Èyí àkọ́kọ́ ì bá ti pé ọdún méjìdínlógójì," ó ní lójijì.

"Mọ́kàndínlógójì. Lóṣù kẹta."

Taras rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì pa mọ́tò. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìtọ́kọ̀.

"Sọ ti àwọn mẹ́ta yòókù fún mi," ó ní.

Sonia bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì.