Ohùn Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Nígbà tí olùṣọ́ àgùntàn kéde nílùú Osi pé Dókítà Fọláránmi ti gba ohùn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sílẹ̀, pé yóò jẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, ìrètí sọ lọ́kàn Damaris. Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì! Kí ni ohùn ṣọ́ọ̀ṣì bí kò ṣe ohùn àwọn tó kọrin nínú rẹ̀? Ta ló sì kọrin nínú rẹ̀ tó ọmọ òun? Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló tàn án.

Tèmítáyọ̀ lọmọ ọ̀hún, òun nìkan ni Damaris bí. Ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ láti Obbo ló forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù, fóònù ọmọ náà sì fọ́ yángá pẹ̀lú gbogbo ohùn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Ẹni tó pa òwe yẹn kò jókòó ti Damaris rí. Ní tirẹ̀, ọmọ kú, ohùn ọmọ sì nù. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, nítorí náà ẹbí ló sin ín, Damaris kò sì béèrè ibẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù tó lè dé kó ní ọmọ òun wà níbí rí. Òun ló ń gbá a ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Nígbà ayé ọmọ náà, bó bá gbálẹ̀ tán, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ké sí i, "Tèmítáyọ̀ o!" Ìpè náà a yí ògiri amọ̀ ká, a gun páànù, kí ọmọ tó dáhùn láti ìdí àga àwọn akọrin: "Mà!" Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ wó ilé náà, wọ́n ní ilé ńlá ló yẹ Olúwa. Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́, ó ní fáànù, ó ní síìlì olówó ńlá tó ń gbé orin mì. Àwọn ará ìlú náà kò sì pe Damaris ní Ìyá Tèmítáyọ̀ mọ́. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé orúkọ ọmọ náà yóò gé wọn lẹ́nu.

Ìsìn parí, Fọláránmi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ Iloffa ni, iṣẹ́ ìwádìí ohùn ló ń ṣe ní yunifásítì. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni ohùn," ó ní. "Yóò lu ògiri, yóò padà. Amọ̀ ní bó ṣe ń dá a padà, aṣọ ní bó ṣe ń mu ún. Kò sí ilé méjì tó ń dáhùn bákan náà. Kí wọ́n tó wó ilé yẹn, mo bẹ́ bàlúùnù nínú rẹ̀, mo fi máìkì gba ìdáhùn ilé. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni lè kọrin níbí, kí kọ̀ǹpútà mú kó dún bí ẹni tó wà nínú ilé tí kò sí mọ́."

Prosper, olórí àwọn ọ̀dọ́, kọ orin kan sí máìkì. Ìjọ pariwo: "Òun gan-an nìyẹn!"

Damaris dúró títí èrò fi tú ká.

"Dókítà, o ṣé o, ọmọ mi. Gbé ti Tèmítáyọ̀ fún mi gbọ́."

"Ta ni Tèmítáyọ̀, Mà?"

Ó sọ ọ́ fún un. Fọláránmi sorí kọ́.

"Ẹ má bínú, Mà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé lọ́jọ́ tí mo gbà á. Bí ilé ṣe ń dáhùn ni mo gbà, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ nínú rẹ̀."

"Gbogbo orin tó kọ nínú ulé ọ̀ún, ògiri éè pa ọ̀kan mọ́?"

"Ògiri kì í pa ohùn mọ́, Mà. Yóò dá díẹ̀ padà, yóò mu ìyókù. Èyí tó bá mu a di ooru tín-ín-rín, kò sì lè di ohùn mọ́."

"Ooru," Damaris wí. Ògiri tí à ń wí yìí, wọ́n ti fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Ó sunkún, kò fi pamọ́.

"Bí ẹ bá ní ohùn rẹ̀ níbì kan, bó ti wù kó kéré tó…"

"N kò ní."

Fọláránmi kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ló bá fi íáfóònù sí i létí, ó gbé máìkì súnmọ́ ọn. "Ẹ sọ̀rọ̀ sí i, Mà. Ẹ ó gbọ́ ilé yín."

Ohun kan ṣoṣo ni Damaris máa ń sọ nínú ilé yẹn.

"Tèmítáyọ̀ o!"

Ìpè náà gbéra, ó yí ògiri amọ̀ ká, ó gun páànù bó ṣe máa ń gùn ún gẹ́lẹ́. Ojú Damaris là. Ó yí orí díẹ̀ sí ìhà ibi tí àga àwọn akọrin máa ń wà. Ìpè náà rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó tán.

Fọláránmi na ọwọ́ láti gba íáfóònù. "Ó ti parí, Mà."

Damaris di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró ná, ọmọ mi," ó ní. "Kò tíì dáhùn."