Súfèé Tí Etí Ehoro Kò Gbọ́

“Bàbá, ó ṣì ń súfèé.”

“Kò súfèé.”

“Ó ń súfèé, sà. Ẹ wò ó, gìtá mi nìyí nílẹ̀, ó sùn gbalaja bí ẹni tó yó. Ta ló wá ń súfèé, èmi ni?”

Bàbá tí wọ́n ń pè ní Etí Ehoro tẹ orí sọ́dọ̀ sípíkà anpilifáyà gìtá náà, ó sé èémí. Ohun tó gbọ́ kò ju kíkùn wẹ́rẹ́ tí gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń kùn lọ. Ó gbórí sókè, ó wo obìnrin onígìtá náà bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ní ọ̀kan àti ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta.

“Wáyà gìtá rẹ ló bàjẹ́.”

“Ẹ ti ní kí n sọ ìyẹn nù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tuntun nìyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, ẹ ní iná ilé mi ni. Ṣé iná ṣọ́ọ̀bù yín náà ti ń ṣàìsàn ni?”

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń gbé ẹ̀rọ náà padà wá, ẹ̀rọ ọ̀hún sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó rẹ òun náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú.

“Ọ̀la la máa gba orin wa sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ni màá padà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá, ṣùgbọ́n bó bá ṣì ń súfèé, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí.”

Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Etí yẹn ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àwọn oníbàárà ti sọ ọ́ ní Etí Ehoro, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dúró sọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Àwọn anpilifáyà tí àwọn tó lówó láyé àtijọ́ fi ń gbọ́ àwo orin ní pálọ̀, àwọn tó jẹ́ pé gílóòbù onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní fáàfù ló ń tàn nínú wọn, àwọn ló ń tú palẹ̀ tó ń sọ di ti gìtá. Ohùn tó ń ti gìtá wọlé kéré, nítorí náà yóò fi fáàfù kan kún un kí ohùn náà lè ga. Bí wọ́n bá wá fi agbára ta okùn, ohùn á ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ohun tí àwọn onípálọ̀ ń pè ní àrùn, òun ni àwọn onígìtá ń pè ní adùn. Ayé nìyẹn.

Ó pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa dí i lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ fáàfù kìíní. Ó pààrọ̀ èkejì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ooru ṣọ́ọ̀bù sì mú un lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n rán sí i. Nígbà tí kò rí ojútùú, ó wú mítà jáde nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, mítà tí kì í fẹ́ kí oníbàárà rí lọ́wọ́ òun, ó fi wáyà méjèèjì tó wà lára mítà náà kan ibi tí wáyà ti ń wọ sípíkà. Abẹ́rẹ́ mítà gbéra, ó dúró ṣinṣin. Gìtá kankan kò sí nítòsí, síbẹ̀ ohùn kan ń jáde. Ó gbá mítà náà lórí. Abẹ́rẹ́ kò yẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà kì í purọ́. Kò ní orúkọ kankan tó ń dáàbò bò.

Ó dá a padà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

“Bàbá wọn!” Ìyàwó rẹ̀ ni, láti yàrá kejì tó ti ń ránṣọ. Ó yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn tó wà láàrin wọn, téèpù lọ́rùn. “Ẹ bá mi pa nǹkan yẹn jàre. Láti àárọ̀ ló ti ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá.”

“Kí ló ń gún ọ létí?”

“Súfèé yìí. Bí ẹ̀fọn tó ń kọrin.”

Ọkùnrin náà dìde dúró.

“Ìyá wọn, kọjú sí ògiri.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Kọjú sí i ná.”

Ó kọjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà yí kókó ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ó ti dákẹ́,” ìyàwó ní.

Ó yí i sókè.

“Ó tún ti dé.”

Ó húkọ́, ó ṣe bí ẹni pé ó fọwọ́ kan kókó náà, kò sì fọwọ́ kàn án.

“Ẹ ò yí nǹkan kan. Ẹ kàn ń húkọ́ ni.”

Etí Ehoro jókòó. Ẹ̀rín obìnrin náà tán díẹ̀díẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Mọ kí ni?”

“O mọ ohun tí mò ń bi ọ́.”

“Láti ìgbà tí fóònù yín ti ń ké lápò yín, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé e. Ó ti lé lọ́dún kan.”

“O ò sì sọ.”

“Báwo ni kí n ṣe wí i? Kí n sọ fún Etí Ehoro pé etí rẹ̀ ti di etí ìkòkò? Ẹ máa ní mò ń bú yín.”

Inú fẹ́ bí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ ju kó bínú lọ.

“Kí n kúkú ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa.”

“Kẹ́ ẹ wá máa ṣe kí ni nílé? Kẹ́ ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ránṣọ?” Obìnrin náà fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó lé e. “Aago mẹ́rin kò jìnnà. Kí lẹ fẹ́ kí n máa gbọ́?”

Ọkùnrin náà dojú ẹ̀rọ náà dé, ó ṣí abẹ́ rẹ̀, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Òfin iṣẹ́ wọn ni, ẹni tó bá ti ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀rọ tí iná wà nínú rẹ̀, àyà ni iná máa gbà kọjá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ti àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ dijú.

“Ó wà. Ó wà. Ó ṣì wà.” Lójijì, ó nawọ́ sókè. “Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti kúrò! Háà. Ó ti lọ.”

Igi náà wà lórí wáyà gígùn kan tó fi sílẹ̀ bó ṣe bá a látijọ́ pálọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kò ì tíì lágbára tó báyìí, kò léwu. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, wáyà náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń lọ sí sípíkà kọjá, ohùn tó jáde ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ọmọ ọdún kìíní nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé ó yẹ kí wáyà yẹn kúrú. Òun náà mọ̀. Ó fi í sílẹ̀ nítorí pé etí rẹ̀ sọ fún un pé kò séwu.

Ó pa iná, ó dúró kí agbára inú rẹ̀ tán, ó gé wáyà náà kúrú, ó gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí onígìtá dé, kò kọ́kọ́ ta nǹkan kan. Ó tẹ́tí. Ó tún tẹ́tí. Ó wá fi agbára ta okùn kan, ohùn náà sì ha, ó gbilẹ̀, ó kún ṣọ́ọ̀bù.

“Yéè! Bàbá! Kò sí etí bíi tiyín láyé!”

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo téèpù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé nọ́ńbà orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Kò ní sọ. Ọkùnrin náà mọ̀ pé kò ní sọ láé.

“Kì í ṣe etí mi,” ó ní. “Èmi ò gbọ́ súfèé yẹn rí. Ìyá yìí ló gbọ́ ọ.”

Onígìtá wò ó, ó wo obìnrin náà. “Ẹ ṣeun o, Mà. Kí ló wá ṣe Bàbá?”

“Ọjọ́ orí,” ìyàwó dáhùn, “àti agídí.”

“Bí wọ́n bá bi ọ́,” Etí Ehoro ní, “sọ fún wọn pé a ti di méjì.”

Nígbà tí onígìtá lọ tán, ó wọ yàrá kejì, ó gbá maṣíìnì ìránṣọ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ bọ̀.

“Níbo lẹ ń gbé maṣíìnì mi lọ?”

“Ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi.”

Obìnrin náà kò bá a gbé e, ṣùgbọ́n ó gbé àga tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, maṣíìnì sì dáhùn gìrìgìrì lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

“Òun náà ń pariwo o. Ṣé ẹ máa lè fara dà á?”

Etí Ehoro ti ń tú ìdè ẹ̀rọ mìíràn.

“Ìyẹn mo gbọ́,” ó ní. “Ìyẹn ṣì wà létí mi.”