Síǹkì Tí Kò Gbé Omi Mì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni síǹkì ilé ìwẹ̀ Àlàájì Yàhàyá kò fi gbé omi mì. Bí èèyàn bá bọ́jú níbẹ̀, omi náà á dúró sójú kan, á máa wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Òórùn rẹ̀ sì ti dé pálọ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ mìíràn ni, wọn ì bá rọra máa lo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lọ́la ni àwọn àna ń bọ̀ láti Ìlọrin wá sí Odò-Ọwá láti tọrọ Hikmah, ọmọbìnrin wọn.

Àlàájì ti dá ẹjọ́ náà tán kó tó dìde nídìí oúnjẹ àárọ̀.

"Irun yín ni," ó na ìka sí Alimat ìyàwó rẹ̀ àti Hikmah. "Irun tí ẹ̀ ń fọ̀ síbẹ̀ ló dí i. Láti òní lọ, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ gbé orí sún mọ́ síǹkì mi."

Alimat bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé lẹ́nu àwọn aláìsàn tí kò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ. Ó ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé, nídìí tánkì, ni òun àti Hikmah ti ń fọrun.

Wọ́n pe Prosper, pulọ́ńbà tó ń gbé Ìlọ́fà. Prosper ní òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, ọ̀kadà òun kò lè kọjá. Ó ní kí wọ́n ra ásíìdì dà sí i.

"Ásíìdì kẹ̀!" Alimat gba fóònù. "Kó jẹ páìpù, kó tún jẹ ọwọ́ ẹni tó dà á? O ṣeun, Prosper. Jẹ́ ká gbìyànjú tiwa ná."

Ó fi ife gbọ́n omi ìdọ̀tí inú síǹkì kúrò. Ó gún kánún lúbúlúbú, ó dà á sójú ihò rẹ̀, ó wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà lé e lórí. Ìfófòó bá ru sókè ṣùùù. Àlàájì tó wá yọjú fò sẹ́yìn, ó di fìlà mú.

"Ìyá Hikmah, ṣé kò ní bú gbàmù?"

"Kánún tí mo fi ń se ẹ̀wà fún yín náà ni."

Àlàájì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Alimat da omi gbígbóná sí i. Kò jẹ́ kó hó, kí páìpù oníke má baà yọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n tìlọ́ratìlọ́ra ni. Ọṣẹ àti ọ̀rá ti yọ́. Ó ku nǹkan kan tí kánún kò lè jẹ. Alimat gbé bàsíà sábẹ́ síǹkì, ó di ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọdọ mú, ó fẹ́ tú u.

"Fi í sílẹ̀!" Àlàájì pariwo. "Ó ti tó! Ṣé o ò rí i pé omi ti ń lọ ni?"

Ọwọ́ Alimat ti yí i. Nǹkan kan já bọ́ sínú bàsíà, pọ̀ọ̀. Hikmah ké pé eku ni. Alimat fi igi gbé e sókè. Irun ni: irun kúkúrú, líle, tó ká kóríkórí, funfun nídìí, dúdú lórí.

Alimat wo irun náà. Ó wo irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ tó dúdú bí kóró iṣin. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Àlàájì, oyin tó ń lá láràárọ̀ ló sì sọ pé kì í jẹ́ kí irùngbọ̀n òun funfun. Alimat alára ti júwe oyin náà fún gbogbo obìnrin àsálátù.

"Àlàájì," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, "irun ta nìyí?"

"Ìyá Hikmah, jọ̀ọ́, ti ilẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn kò tíì tì tí sálámà fi dún ní pálọ̀. Àlàájì Issa, bàbá ọkọ ìyàwó ni. Ẹ̀rù òjò ló mú un gbéra ṣáájú ọjọ́, ó sì fẹ́ ṣe àlùwàlá kírun àílà. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti wọ ilé ìwẹ̀. Ó wo bàsíà. Ó wo irùngbọ̀n àna rẹ̀. Àlàájì Yàhàyá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Àlejò náà rọra ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n tirẹ̀.

"Aró tèmi a máa pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Èwo lẹ̀yin ń lò?"

Ẹ̀rín gbé Alimat jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àlàájì Yàhàyá bẹ Hikmah, ó ní kó máa fọrun nínú síǹkì bó bá ṣe wù ú. Hikmah ní òun kò fẹ́. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ra asẹ́ kékeré bo ihò náà. Àràárọ̀ Jímọ̀ ló sì ń da omi gbígbóná sí i.

Ní ọjọ́ ìtọrọ, àwọn ẹbí rí bàbá méjèèjì ní kọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n forí korí, tí ọ̀kan ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ sàdáákì ni.