Ọ̀sẹ̀ Wa ní Erékùṣù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ara mi balẹ̀: inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì rọ̀. Muaz ọkọ mi ní kí n gbàgbé, pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́. Ẹni tó bá lè gbàgbé kó máa gbàgbé lọ.

Ìdílé márùn-ún ni wá. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣèpàdé nílé Auntie Rosaline ní Thamesmead ní London, nínú fúláàtì wọn tó kọjú sí adágún Southmere. Mùsùlùmí wà nínú wa, onígbàgbọ́ wà, àdúrà méjèèjì la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ la kọ́kọ́ ń dá. Nígbà tó di 1989, wọ́n pe Auntie Rosaline sí hòtẹ́ẹ̀lì kan pé kí wọ́n wá jẹun ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n jẹun, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó padà dé, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ti ra timeshare ní erékùṣù kan ní Caribbean.

Ẹni tí kò bá mọ timeshare, òun rèé. Ilé ìgbafẹ́ kan ló wà létí òkun. Ẹ ò ní ra ilé náà, ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ lẹ máa rà, ọ̀sẹ̀ yẹn á sì jẹ́ tiyín lọ́dọọdún títí ayé. Òyìnbó tó bá rà á, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ. Àwa sọ ọ́ di àjọ. Gbogbo wa dáwó sí i, ìdílé kan sì ń kó o lọ́dún kan. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ wá jábọ̀ nípàdé. Á dúró níwájú wa, á fi fọ́tò hàn, á ròyìn, a ó bá a dúpẹ́, a ó sì jẹ ráìsì.

Kí ẹ tó bínú sí Auntie Rosaline, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n. Àwọn ló bá mi wá iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà títí dòní. Nígbà tí ọmọ Uncle Kenneth ń ṣàìsàn, àwọn ni wọ́n ń sùn tì í ní ọsibítù. Kò sí ẹni tí wọn ò ṣe lóore nínú wa, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú wọn kó sọ pé ọjà tí wọ́n rà kò dára.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n dé pẹ̀lú fọ́tò ńlá kan: wọ́n jókòó sẹ́bàá swimming pool aláwọ̀ búlúù, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ dára, àwọn ò fẹ́ padà wálé. Lọ́dún kejì, ó kan Uncle Kenneth tó ń wa takisí. Ẹnu Uncle Kenneth kì í dákẹ́, tí wọ́n bá gbé èèyàn láti Woolwich dé Plumstead, ẹni náà á ti mọ orúkọ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìròyìn wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ò ju pé òkun wà, ooru mú, a dúpẹ́. Wọ́n sì jókòó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Tí Yorùbá bá ti ìrìn-àjò dé, tí a ní kú àbọ̀, ṣé dáadáa lo dé, a dúpẹ́ ló máa sọ, bí olè tilẹ̀ gba gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ́nà.

Ọdún kẹta kàn mí. Lẹ́yìn tèmi ló máa kan Uncle Jimoh àti Auntie Munirat ìyàwó wọn, tí wọ́n ń gbé ní Glyndon Estate. Uncle Jimoh ń wa bọ́ọ̀sì, Auntie Munirat ń dáná nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n lọ, èmi àti Auntie Munirat pàdé ní ọjà Woolwich níbi tí mo ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n fà mí sẹ́yìn, síbi géètì Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àtijọ́ yẹn, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ìyá wọn ló ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn. Ọdún ti pọ̀ tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn, gbogbo ẹni tó bá sì ti ilé dé, iṣẹ́ kan náà ni Màmá ń rán: kí Muni wá kí àwọn rí ojú ẹ̀. Owó àti ìsinmi Uncle Jimoh ò lè gbé ju ìrìn-àjò kan lọ. Uncle Jimoh sì ti ní erékùṣù ni àwọn ń lọ, wọ́n ní ilé ò sá lọ, àwọn á lọ sílé lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e.

"Kàfí, tó o bá débẹ̀, la ojú ẹ dáadáa," ni Auntie Munirat wí. "Tí ibẹ̀ bá dára, sọ pé ó dára, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí kò bá dára, sọ ọ́ ní meeting, níwájú gbogbo wọn. Uncle ẹ ò ní gbọ́ tèmi. Report nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Mo ṣèlérí fún wọn.

Ẹ̀yin èèyàn, mo débẹ̀. Orí òkè ni ilé náà wà, àtẹ̀gùn tí èèyàn sì máa gùn kó tó dé yàrá, tí ẹ bá fi gbé àpótí, ẹ máa rántí ẹ̀ṣẹ̀ yín. Omi ń wá láàárọ̀ díẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Tí a bá fẹ́ wẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó gbé garawa lọ sí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni ọmọkùnrin kan tó wọ táì máa wá kan ilẹ̀kùn pé ká wá ra ọ̀sẹ̀ mìíràn kún un. Swimming pool ti sán láti àárín, ó gbẹ táútáú, koríko ń hù nínú ẹ̀, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ koríko náà.

Tọkọtaya òyìnbó kan láti Kent wà ní yàrá kejì, àwọn náà ra ọ̀sẹ̀ tiwọn. Nírọ̀lẹ́, àwọn àti àwọn onílé ọ̀sẹ̀ tó kù á jókòó síta, wọ́n á máa ráhùn: yàrá ti ẹni yìí ń jò, ti ẹni yẹn ní eku. Ó yà mí lẹ́nu bí èèyàn ṣe lè dúró ní gbangba kó bú ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà, tí ojú ò sì tì í. Ìyàwó yẹn sọ fún mi pé ìjì kan ló fọ́ swimming pool náà lọ́dún 1989, kò sì tíì gba omi láti ìgbà náà. Auntie Rosaline lọ ní 1990. Mo rìn dé hòtẹ́ẹ̀lì kejì tó wà nísàlẹ̀ òkè, mo yọjú wo inú ọgbà wọn, mo sì rí swimming pool búlúù inú fọ́tò, àti àga tí Auntie wa jókòó lé.

Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Auntie Rosaline ní kí n tètè wá ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní ṣé mo rí i. Mo ní mo rí i, pé àwọn náà rí i. Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn débẹ̀, àwọn sunkún nínú yàrá yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ló kó wa wọ̀ ọ́, tí àwọn bá sì wá sọ bó ṣe rí, ìpàdé á tú ká, ẹlòmíràn á ní àwọn jẹ nínú owó náà. Kenneth rí i, ó bo àṣírí àwọn.

"Tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà dúpẹ́, kó o jókòó. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá Auntie Munirat fún wọn. Wọ́n ní Jimoh á mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní tótó ó ṣe bí òwe, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní òwe tí mo pa dára, ṣùgbọ́n kí n má pa á nípàdé.

Mo sọ òtítọ́ nípàdé. Mo sọ ti àtẹ̀gùn, mo sọ ti omi, mo sọ ti ewúrẹ́. Mi ò sọ ti fọ́tò, mo fi ìyẹn bu ọlá fún Auntie Rosaline. Mo ṣe tán. Auntie Rosaline wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ọdún ò jọ ọdún. Mo yíjú sí Uncle Kenneth, mo ní àwọn náà débẹ̀, kí wọ́n gbè mí. Wọ́n húkọ́, wọ́n ní kò síbi tí kò ní àléébù tiẹ̀. Muaz ọkọ mi, tí òun fúnra rẹ̀ pọn omi níbẹ̀ tí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Uncle Jimoh ló wá dìde. Wọn ò pariwo.

"Kàfí, mo rí ìwọ àti Munirat lọ́jà Woolwich kó o tó lọ," ni wọ́n wí. "Orí bus ni mo wà, mo rí bó ṣe di ọwọ́ ẹ mú. Iṣẹ́ tó rán ẹ lo wá jẹ́ yẹn. Àgbà méjì lọ síbẹ̀, àgbà méjì ní ibẹ̀ dára. Ìwọ lo wá mọ̀ jù wọ́n lọ?"

Auntie Munirat di ọwọ́ mi mú lóòótọ́. Wọ́n rán mi níṣẹ́ lóòótọ́. Auntie Munirat ò gbé orí sókè. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Uncle Jimoh lọ san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó má baà dà bíi pé obìnrin méjì ló ń darí àwọn.

Wọ́n lọ nínú oṣù kejì. Wọn ò tíì lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ níbẹ̀ nígbà tí fóònù ilé mi dún. Àbúrò Auntie Munirat ló ń pè láti Ìbàdàn, nọ́ńbà mi ni Auntie fi sílẹ̀ fún un. Màmá ti kú. Wọ́n ti sin wọ́n, bí ẹ̀sìn ṣe ní ká ṣe é. Ó ní títí ẹnu Màmá fi dákẹ́, Muni ni wọ́n ń bèèrè.

Mo pe erékùṣù. Uncle Jimoh ni mo ní kí wọ́n bá mi pè, nítorí a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ọlọ́rọ̀ lójijì. Mo dúró títí. Auntie Munirat ló gbé fóònù, èémí wọn ń já, ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn yẹn ni. Wọ́n ní Uncle ti lọ pọn omi. Mo ní kò burú, màá pè padà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́.

"Ṣé wọ́n bèèrè mi?" ni wọ́n wí.

Mo ní wọ́n bèèrè yín. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo wa lọ kí wọn ní Glyndon, a gbé oúnjẹ lọ, a ṣàdúrà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Auntie Rosaline ní kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ròyìn lọ́tẹ̀ yìí. Uncle Jimoh ní rárá, àwọn á jábọ̀ bí gbogbo èèyàn. Wọ́n dìde. Wọ́n ti rù. Wọ́n ní a dúpẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ dára, wọ́n ní òkun ibẹ̀. Wọ́n wá dúró, wọn ò rí nǹkan mìíràn sọ nípa òkun náà.

Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo dìde, mo yíjú sí Auntie Munirat, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn, lọ́jọ́ tí mo pè, Uncle ti lọ pọn omi. Ṣé omi wà níbẹ̀?

"Omi wà," ni Auntie Munirat wí.

Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi dáadáa ni. Mo ní swimming pool ńkọ́?

"Ó wà. Omi inú ẹ̀ mọ́." Èmi ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ọkọ wọn. "Kàfí, ìyá mi bèèrè mi títí wọ́n fi kú, ibẹ̀ yẹn ni mo wà. Ibi tí mo wà lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ dára. Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Uncle Jimoh jókòó, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà jókòó. A gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo létí adágún nísàlẹ̀. Auntie Rosaline fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé ta ló kàn.

Títí àti Bíyìí ló kàn, àwọn ló kéré jù nínú wa, àwọn ló wọlé gbẹ̀yìn, ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún kan. Èmi ni Títí yíjú sí. Ó ní Auntie Kàfí, kí làwọn máa ṣe, ṣé káwọn lọ àbí káwọn má lọ?

Gbogbo wọn ń wò mí. Auntie Munirat náà ń wò mí.

Mo bi Títí pé ṣé ìyá rẹ̀ wà láyé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà ní Iléṣà.

"Ẹ lọ kí wọn ná," ni mo wí.