Yàrá Ìyá Ìdrís

"Ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé nínú yín?"

Tìmílẹ́hìn ló bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀. Ìdrís, àkọ́bí, ń wo àjà. Hàjàrá tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Abdulwaheed, àbígbẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní Wàídì, na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn, ó sì tètè fà á padà bí ẹni tí iná jó.

Ó ti di oṣù kan tí Tìmílẹ́hìn àti Ìmísí ìyàwó rẹ̀ ra ilé náà ní Òkè-Ogbó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yìí. Wọ́n pín owó ilé láìjà, ṣùgbọ́n yàrá ìyá wọn tó ṣaláìsí wà ní títì pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ìkòkò ńlá ni ìyá náà fi ń ṣòwò. Ó máa ń yá a fún ẹni tó bá ní ìnáwó, wọ́n á sì san owó fún un. Lọ́la ni Tìmílẹ́hìn gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú ilé tí wọ́n yá gbé ní Mayfair, onílé ti gba àyálégbé mìíràn. Wọ́n sì ti ṣí páànù orí àwọn yàrá yòókù, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Yàrá yìí nìkan ni òrùlé wà lórí rẹ̀.

Kápẹ́ńtà ti dámọ̀ràn láti àná pé kí wọ́n da ẹrù náà síta. Ìmísí ló dá a lóhùn: "Ẹrù òkú? Bí ṣíbí kan bá sọnù, àwa ni olè."

"Bọ̀ọ̀dá Ìdrís, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù," Hàjàrá wí. "Ẹ wọlé."

"Èmi kẹ̀! Nígbà tí Bàbá kú, ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá wọn. Títí dòní lo ṣì ń bi mí léèrè aago ọwọ́ kan."

"Aago náà dà?"

Ìdrís kọjú sí Tìmílẹ́hìn. "Ẹ gbọ́ ọ létí yín."

"Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o," Abdulwaheed wí. "Ẹni tó kéré jù ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù."

Ìmísí, tó jókòó sórí báàfù tó dojú dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Oyún náà ti pé oṣù mẹ́jọ. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ṣé abẹ́ òjò ni kí n bímọ sí ni?"

"Ká má rí i," Hàjàrá dáhùn kíá. "Wẹ́rẹ́ ni wàá bí i, inṣáàláhù." Àmọ́ kò kúrò lójú kan.

Tìmílẹ́hìn ronú sí i. Ní láàbù yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló máa ń ka iye ìgò kẹ́míkà inú kọ́bọ́ọ̀dù sínú ìwé láì fọwọ́ kan ọ̀kankan.

"Ó dáa, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ẹ ṣílẹ̀kùn nìkan. Màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa pe ohun tí mo bá rí, kí Bọ̀ọ̀dá Wàídì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa fẹ̀sùn kan ẹnì kejì."

Ìdrís mí kanlẹ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

"Ìkòkò mẹ́sàn-án," Tìmílẹ́hìn bẹ̀rẹ̀, "gbogbo wọn dojú délẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí ìdí wọn."

"Orúkọ Màmá ni," Hàjàrá wí. "Àmínátù. Gbogbo ẹni tó ń yáni níkòkò ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ níbi ìnáwó. Ẹ máa bá tiyín lọ."

Tìmílẹ́hìn na ọrùn. Ọ̀dà náà jẹ́ tuntun, ó bo orúkọ àtijọ́ kan mọ́lẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn síni.

"Kì í ṣe Àmínátù," ó wí. "Hàjàrá ló wà níbí. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ìdrís. Wàídì. Hàjàrá lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bírò Abdulwaheed dúró lórí ìwé. "Ilé-ìwé àgbà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ẹ̀kọ́ àgbà lọ́jọ́ ogbó wọn, orúkọ àwa mẹ́ta ni wọ́n ní kí tíṣà kọ́kọ́ kọ́ àwọn. Mo kàn rò pé ó wù wọ́n láti mọ̀ ọ́n kọ ni."

Hàjàrá fi etí ìborùn bo ẹnu.

Ìdrís bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọlé. Ó gba àárín àwọn ìkòkò yòókù kọjá lọ bá èyí tó tóbi jù, èyí tó ń mówó wọlé ju gbogbo ìyókù lọ. Ó fi apá aṣọ nu eruku ìdí rẹ̀. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó sì tún un kà.

"Wàídì," ó wí, láì yíjú padà, "gbé bírò yẹn sílẹ̀. Wá gbé ìkòkò rẹ."