Sàlàkọ́ Jẹun Dé Orí Àga Kánsù

Nígbà tí Kánsílọ̀ Babárìndé kú, gbogbo Ẹgbẹ́dá ló sunkún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pàtó ohun tí bàbá náà ṣe fún wọn. Orí àga ló kú sí, ẹ má pè é ní àsọdùn. Àárín ìpàdé kánsù ló ti sùn lọ bó ṣe máa ń sùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìpàdé, wọ́n bá tiwọn lọ. Agbálẹ̀ tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì gbálẹ̀ yí i ká tán kó tó fura pé oorun èyí ti le jù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án ni, "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn."

Ẹni tí ikú yìí ká lára jù kì í ṣe àwọn opó rẹ̀. Sùrájù Sàlàkọ́ oníbúlọ́ọ̀kù ni.

Ayé owó epo rọ̀bì ni ayé ọ̀hún. Ìjọba ra sìmẹ́ǹtì títí, ọkọ̀ ojú omi tó kó o wá tò sójú òkun Àpápá débi pé ewúrẹ́ lè máa fò láti orí ọ̀kan dé òmíràn títí yóò fi dé Gánà láì fẹsẹ̀ kan omi. Sàlàkọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bu tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní yáàdì búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọ́lé láti Ìdímù dé Akówónjọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń rà. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí màálù kan fi ìwo kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìwo ló dá.

Àfi bí àwọn tó ń wọn ọ̀nà ṣe dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ọ̀nà ọlọ́dà tuntun ń bọ̀. Ó gba Akówónjọ bọ̀ tààrà bí ẹni pé wọ́n fi okùn nà án, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ilẹ̀ tí Nùrẹ́nì, àbúrò Kánsílọ̀ Babárìndé, fẹ́ kọ́ ilé epo sí, ó yà bìrí bí ẹni tó rí àna rẹ̀ ní ìhòòhò, ó wá na gbalaja sórí yáàdì Sàlàkọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àgbélébùú sára ògiri, wọ́n kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù, wọ́n kọ ọ́ sára ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́bẹ̀. Babárìndé ti ṣèlérí fún Sàlàkọ́ pé òun á bá wọn sọ ọ́ kí ọ̀nà náà lè yẹ̀. Ó lọ sípàdé láti lọ sọ ọ́ ni oorun gbé e lọ.

Kò pẹ́ ni ìjọba kéde pé wọn yóò dìbò láti fi ẹlòmíràn rọ́pò olóògbé. Ta ló kọ́kọ́ jáde bí kò ṣe Nùrẹ́nì?

"Àga ẹ̀gbọ́n mi ni," ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. "Mo ti jogún agbádá rẹ̀, mo ti jogún ọkọ̀ Pijó rẹ̀, mo ti jogún ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ṣé àga ni kí n fi sílẹ̀ fún àjèjì?"

Sàlàkọ́ gbọ́. Bí Nùrẹ́nì bá wọlé, yáàdì wọlẹ̀. Kò mọ̀wé ju kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbàgbé lẹ́tà kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun náà ń bá a du ipò.

Olútáyọ̀, ọmọ àdúgbò kan náà, ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àbí ká ní òun ló tún un ṣe. Olútáyọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kọ́ ọ fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì mú bọ̀ ni kóòtù òtútù kan tó ń wọ̀ nínú oòrùn Ẹgbẹ́dá, tí òógùn rẹ̀ á máa ṣàn wọ inú bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún Sàlàkọ́, "ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tó ń ṣojú àdúgbò wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kú. Ṣé àbúrò rẹ̀ ló jogún àga? Rárá o! Ìbò ni wọ́n dì. Àwọn tó ń du ipò fi òdòdó aláṣọ sáyà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á gbé ọmọ rẹ, wọ́n á ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìbò fún mi.' Ó parí."

"Wọn kì í wọlé?"

"Wọlé kẹ̀? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Ọmọlúàbí ni òyìnbó."

Àdíját, ìyàwó Sàlàkọ́, ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí níbi tó jókòó sí. "Bàbá Sìdíkátù, ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé o. Mo fẹ́ wòran."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Sàlàkọ́ fi òdòdó sáyà. Àdíját ló rán an, láti ara kọ́tìnì tó ti gbó, ó sì tóbi tó àwo ọbẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn Ìyá Hàbíbátù, opó kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà. Obìnrin náà yọjú láti ojú fèrèsé, ó rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, ó rí ìkejì tí nǹkan kan wà láyà rẹ̀, wọ́n dúró gbọn-in sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé.

"Wolé-wolé dé o!" ló pariwo.

Àfi gìrì! Ta ni ó dúró de òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí yóò yẹ ìkòkò omi wò? Gbogbo àdúgbò da omi nù. Omi tí wọ́n dà nù lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ìṣẹ̀rí rì dé fèrèsé. Ojúlé dé ojúlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni àwọn olùdìbò ń gbà sá lọ.

"Olútáyọ̀," ni Sàlàkọ́ wí, "Lọ́ńdọ̀nù tìẹ yìí ò wọ ibí. Èmi ń wọlé."

Ó wọlé lóòótọ́. Ó jókòó. Wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, bí àlejò bá jókòó sílé rẹ láàárọ̀, tí o kò bu oúnjẹ fún un, ọ̀tá ni ọ́. Bí àlejò bá sì ní òun ò jẹ, ó ní o fẹ́ pa òun nìyẹn. Ní ilé mẹ́ta àkọ́kọ́, Sàlàkọ́ ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Kó tó dé ìkẹrin, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ò jẹ oúnjẹ wa," ni Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ àgbà, wí fún un, ó na ìka sí i nímú. "Wọ́n ní ẹ ní oúnjẹ ibí ló pa Babárìndé. Àwa la pa á? Àwa tá a sunkún títí?"

"Háà, bàbá, irọ́ ni! Ẹ gbé e wá. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wá, jàre!"

Àwo ẹ̀bà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ga débi pé Olútáyọ̀ tó jókòó ní òdìkejì kò rí Sàlàkọ́ mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó padà sílé Ìyá Hàbíbátù, ó jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Báyọ̀dé, ọmọ Èkìtì, iyán ló bá níbẹ̀, tíṣà sì dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìdánwò. Ojúlé tó kàn, ìrẹsì. Ojúlé tó kàn, ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ń díje báyìí, olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ tòun ju ti aládùúgbò lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, Sàlàkọ́ ò lè rìn mọ́, inú bárò búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń tì í káàkiri, Olútáyọ̀ ló di apá kan mú, kóòtù ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní bó bá gbin, adìẹ Ìkòtún á ta jí.

Àdíját ò dáná fún un mọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. "Fún ta ni kí n dáná? Fún ọkọ gbogbo àdúgbò?"

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìbò, ó ku ojúlé kan ṣoṣo, ti Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀," ni Sàlàkọ́ bẹ̀bẹ̀ láti inú bárò.

"Ká kọjá kẹ̀? Ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n máa ń kí alátakò wọn. Ẹ̀gbọ́n, ayé ń wò wá."

Nùrẹ́nì ti ń retí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bo gbogbo pálọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ kú ìrìn. A kì í ṣe ọ̀tá, eré lásán ni." Odindi tolotolo ló gbé kalẹ̀, tó sanra tó ọmọ màálù. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya itan fún Sàlàkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rántí mi lọ́jọ́ ọ̀la." Sàlàkọ́ jẹ ẹ́ tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Pápá ilé ìwé ni wọ́n ti dìbò. Kò sí àpótí, kò sí ìwé: tò sẹ́yìn ẹni tí o fẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá kà wọ́n fi gbohùngbohùn kéde pé, "Ẹ dúró sẹ́yìn olùdíje yín! Ẹni tó bá kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ìbò ẹ̀ ti bàjẹ́!"

Ìlà méjèèjì gùn bákan náà. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni tolotolo Nùrẹ́nì jí dìde nínú Sàlàkọ́. Ó di ikùn mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ṣàlàángá àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìpẹ̀kun pápá, ó sì gbé eré tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ṣì lè sá. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rántí òfin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìbò òun bàjẹ́. Gbogbo ìlà ká, wọ́n sá tẹ̀lé e, arúgbó, aláboyún, atiro, gbogbo wọn.

Àwọn ará ìlà Nùrẹ́nì rí èrò tó ń sáré. Ayé ìgbà náà, owó pọ̀ ṣùgbọ́n mílíìkì ò sí. Bí o bá rí ìlà tó ń sáré, sá tẹ̀lé e, ìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lo máa béèrè ohun tí wọ́n ń tà.

"Wọ́n ń pín nǹkan o!"

"Mílíìkì ni! Mo rí páálí!"

Ó ku Nùrẹ́nì àti ìyàwó tó jogún, ìyàwó náà sì ń na ọrùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba sáré débẹ̀, ó ka àwọn èèyàn tó yí ṣàlàángá ká títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó wá kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú oríire, Kánsílọ̀!" Ohun tó dáhùn láti inú ibẹ̀ kì í ṣe ohùn èèyàn.

Báyìí ni Sàlàkọ́ ṣe dé orí àga kánsù. Ọ̀sẹ̀ tó gorí àga ọ̀hún, òyìnbó tó ń la ọ̀nà tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀. Ó ní kò sóhun tó burú, ọ̀nà lè yẹ̀ kúrò lórí yáàdì Kánsílọ̀, kó ṣáà fi ibi tó máa gbà hàn òun. Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka lé ilé Ìyá Hàbíbátù.

Afẹ́fẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Kí Kánsílọ̀ tó bọ́ bàtà, obìnrin náà ti jókòó síwájú ilé ọkùnrin náà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Bàbá oníbúlọ́ọ̀kù, ṣé ẹnu tó jẹ mọ́ínmọ́ín mi náà ló ní kí wọ́n wólé mi?"

Ojú tì í. Ó sún ìka sí ilé Ọdẹ́tọ́lá. Ọdẹ́tọ́lá dé pẹ̀lú ìbọn, ó jókòó tì í, ó ń nu ìbọn. Ó sún un sí ti Tíṣà Báyọ̀dé. Tíṣà bi í léèrè iye òkèlè iyán tó jẹ, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Níkẹyìn ó sún un sí ilẹ̀ Nùrẹ́nì, ó ní ibẹ̀ ni yóò dúró, ayé ìbáà parí. Nùrẹ́nì ò bínú. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tolotolo yẹn dà dáadáa?"

Sàlàkọ́ káwọ́ lérí. A kì í jẹun ẹni tán ká fọ́ àwo mọ́ ọn lórí. Ó wo máàpù náà títí. Kò sí ojúlé kan ní gbogbo wọ́ọ̀dù tí kò ti jẹun, àyàfi yáàdì ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló gbé ìka lé.

Ọjọ́ tí katapílà dé, Àdíját ti jí dáná. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ló wà á wá. Àdíját kúnlẹ̀, ó gbé ìrẹsì àti àkùkọ méjì fún un lórí àga tí wọ́n gbé síwájú yáàdì. Gbogbo àdúgbò pé jọ. Òyìnbó bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ariwo sọ.

"Ó ti jẹ ẹ́!" ni Ìyá Hàbíbátù wí. "Kò lè wó o mọ́."

Nùrẹ́nì náà gbà bẹ́ẹ̀. Àní Ọdẹ́tọ́lá gbé ìbọn sílẹ̀, ó bọ Àdíját lọ́wọ́. Sàlàkọ́ bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ máàpù.

Òyìnbó jẹun tán. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Táńkì yù, màdáàmù, fẹri naìsì." Ó gun katapílà, ó sì tẹ́ yáàdì náà pẹrẹsẹ bí ẹní, ògiri, búlọ́ọ̀kù, gbogbo ẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló yè é, òun náà sá dé Ìjẹ̀gùn.

Olútáyọ̀ tó bá wọn jókòó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sábẹ́ apá. Òyìnbó sọ̀ kalẹ̀, eruku bò ó, ó nàka sí ìkòkò, ó ń béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Àdíját wo ọkọ rẹ̀. "Ṣé kí n bù fún un?"

"Sọ fún un pé ó ti tán," ni Kánsílọ̀ Sàlàkọ́ wí. Ó fa ìkòkò náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó jókòó sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.