Ta Ló Dá Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ Wa Sílẹ̀?

Inú ti ń bí mi kí Bọ̀dá Clement, ẹ̀gbọ́n mi, tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ọdún 2006 ni, a ń ṣe ìdúpẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wa ti wà ní Festac. A to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, Pásítọ̀ jókòó, àwọn aládùúgbò jókòó, Dádì àti Mọ́mì wà níwájú pátápátá. Bọ̀dá Clement tó wọ kóòtù dìde, ó fa ìwé kan yọ, ó ní òun fẹ́ ka ìtàn ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ní ọdún 1981, bàbá wa, Alàgbà Ọláníran, fi òógùn ojú wọn dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Òógùn ojú ta ni? Ní 1981, ọ́fíìsì ìjọba ni Dádì ń lọ, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Mọ́mì bá wọn lọ̀. Mọ́mì ló ta maṣíìnì ìránṣọ wọn, tí wọ́n fi ra ṣùpánà àti pọ́ǹpù. Mọ́mì ló gbé oyún mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Apple Junction. Tí Mọ́mì bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe tán, ẹni tó ni ín kò ní gbé e lọ àfi tí ọmọ wọn kan bá kọ́kọ́ gùn ún yí àdúgbò ká. Wọ́n ní ohun tí àwọn kò bá lè gbé ọmọ àwọn lé, àwọn ò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e. Èmi ni ọmọ náà. Àpá rẹ̀ ṣì wà lórúnkún mi. Bọ̀dá Clement ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gun kẹ̀kẹ́, ṣe ló ń ké pe Jésù títí wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀.

Dádì sì ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí wọ egungun.

Bọ̀dá Clement wá ṣí aṣọ lójú páátákó tuntun: "Ọláníran and Sons." Sons mélòó? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun náà sì ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair.

Mo dìde. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, irọ́ funfun báláú lẹ kà yẹn."

Pásítọ̀ wo ilẹ̀.

"Ìkẹ́, jókòó," Mọ́mì sọ.

Mo jókòó, torí mi ò lè bá ìyá mi jiyàn lójú àwùjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, mo tẹ̀ lé Mọ́mì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, wọ́n ń gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíì lójú yín, ẹ tún ní kí n jókòó."

"Èmi ni mo ní kí Clement kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Mọ́mì?"

"Nígbà tí ọ́fíìsì kó lọ sí Abuja, wọ́n ní kí dádì yín máa lọ sílé," Mọ́mì ní. "Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọn ò ní jẹun. Mo wá ń sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà pé dádì yín ni ọ̀gá, pé èmi kàn ń bá wọn mójú tó o ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo fún wọn ni, Ìkẹ́. Ohun tí a bá fúnni, a kì í gbà á padà."

Láti iwájú, a ń gbọ́ ohùn Dádì. Wọ́n ń ṣàlàyé fún Pásítọ̀ bí ojú wọn ṣe rí màbo nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Apple Junction, àti bí ìyàwó wọn ṣe máa ń gbé oúnjẹ wá fún wọn níbẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fún àwọn?"

Mọ́mì gbé àwo omi tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún Dádì.

"Wọ́n mọ̀ nígbà kan rí."